"Ilé Ọba Tó Jó": Lámèyítọ́ Èrò pé Ẹ̀ṣẹ̀ Ádámù Pọn Dandan Nínú Ète Ọlọ́run

Ìbéèrè tí a fẹ́ yẹ̀ wò nínú àpilẹ̀kọ yìí kì í ṣe tuntun láàárín àwọn Kristẹni: ṣé ẹ̀ṣẹ̀ Ádámù wà nínú ète Ọlọ́run láti ìbẹ̀rẹ̀ ni, àbí ìbàjẹ́ tí ènìyàn fà, tí Ọlọ́run sì tún ṣe? Orin Exsultet, tí ìjọ Àgùdà ń kọ níwájú àbẹ́là ní òru àìsùn Àjíǹde, pe ẹ̀ṣẹ̀ náà ní oríire, ó tún pè é ní ohun tó pọn dandan. Thomas Aquinas ní ohun tó bá Ìwé Mímọ́ mu jù ni pé, láìsí ẹ̀ṣẹ̀, Ọmọ Ọlọ́run kì bá tí gbé ara ènìyàn wọ̀. Duns Scotus ní ì bá wá síbẹ̀síbẹ̀. A kò ní pẹ́ lọ́dọ̀ wọn. Ewì gígùn Paradise Lost, tí John Milton gbé jáde ní 1667, ni a fẹ́ fi ṣe òdiwọ̀n.

Ní Ìwé Kejìlá ewì náà, áńgẹ́lì Míkáẹ́lì sọ fún Ádámù bí Krístì yóò ṣe ra aráyé padà. Inú Ádámù dùn débi pé ó ní òun kò mọ̀ bóyá kí òun ronú pìwà dà ni tàbí kí òun máa yọ̀. Ní 1937, A. O. Lovejoy so ọ̀rọ̀ yìí mọ́ èrò àtijọ́ pé oríire ni ìṣubú náà. Àwọn òǹkàwé kan sì ti gbà á bí ìdájọ́ akéwì fúnra rẹ̀. A kò fara mọ́ ọn. Ádámù ṣiyè méjì ni, kò dá ẹjọ́ kankan. Ọlọ́run ti sọ ní Ìwé Kọkànlá pé ì bá sàn fún ènìyàn ká ní rere nìkan ló mọ̀.

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Òwe yìí àti Exsultet fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan náà. Ṣùgbọ́n ta ni a ń pa á fún? Ọba tí ilé rẹ̀ jó ni a fi ń tù nínú. Ẹni tó dáná sun ún kò lè dúró láàárín eérú kó máa pa á, kó sì máa retí ọpẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni Jẹ́nẹ́sísì 50:20: Jósẹ́fù tí wọ́n tà ló sọ pé Ọlọ́run ti yí ibi náà sí rere. Bó bá jẹ́ Júdà tó dámọ̀ràn títà á ló sọ ọ́, àwáwí lásán ni ì bá jẹ́.

Ẹ wo Ábẹ́lì. Ohun àkọ́kọ́ tí Míkáẹ́lì fi han Ádámù ní Ìwé Kọkànlá ni bí Káínì ṣe pa á. Ádámù figbe ta. Nígbà tó rí ilé àwọn aláìsàn, ó sunkún. Ádámù kan náà ni kò mọ̀ mọ́ bóyá kó ronú pìwà dà! Bí ẹ̀ṣẹ̀ bá pọn dandan, a jẹ́ pé Ọlọ́run nílò òkú Ábẹ́lì kí àánú rẹ̀ tó lè hàn. Òtòṣì ni irú àánú bẹ́ẹ̀.

Wọ́n lè bi wá pé: Ọlọ́run tó mọ̀ tẹ́lẹ̀, tó sì dá ayé síbẹ̀, ṣé òun kọ́ ló pinnu rẹ̀? Ìbéèrè náà wúwo. Ìdáhùn Milton ní Ìwé Kẹta ni pé mímọ̀ kọ́ ló mú wọn ṣẹ̀, àti pé ìgbọràn ẹni tí kò láyè àtikọ̀ kò níyì. Àyè àtiṣẹ̀ ló pọn dandan lójú tirẹ̀, kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ìdáhùn yìí kò tẹ́ wa lọ́rùn tán, ṣùgbọ́n ó sàn ju kí a máa dúpẹ́ lọ́wọ́ Káínì lọ.

Ohun kan wà tí kò yẹ kí a fò. Ádámù kò dúró gba èsì iyèméjì rẹ̀. Lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ ló béèrè ohun tí yóò dé bá àwọn olóòótọ́ díẹ̀ tí yóò ṣẹ́ kù sáàárín ọ̀tá nígbà tí Olùgbàlà bá padà sọ́run. Èyí ni Míkáẹ́lì dáhùn.