Ọ̀nà Kan Kò Wọ Ọjà: Ẹ̀kọ́ inú Ìwé Ìtàn Johnson

Kò sí akẹ́kọ̀ọ́ ìtàn Yorùbá tí kò mọ ìwé ńlá tí Àlùfáà Samuel Johnson kọ, The History of the Yorubas, tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 1921. Ṣùgbọ́n ìwé tí à ń kà lónìí kọ́ ni èyí tí ó kọ parí ní Ọ̀yọ́ ní ọdún 1897. Ìwé àfọwọ́kọ ti àkọ́kọ́ náà ni a fi ránṣẹ́ sí atẹ̀wé kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, a kò sì rí i mọ́. Johnson kú ní ọdún 1901. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, ni ó kó àwọn àkọsílẹ̀ tí ó ṣẹ́kù nílé jọ, tí ó sì tún un kọ. Nígbà tí ti ẹlẹ́ẹ̀kejì yìí náà wọ ọkọ̀ Appam ní ọdún 1916, àwọn Jámánì gba ọkọ̀ náà lójú òkun, wọ́n sì gbé e lọ sí Amẹ́ríkà. Ó pẹ́ kí ìwé náà tó dé ọwọ́ atẹ̀wé. Obadiah pàápàá kú ní ọdún 1920, kò rí i kí ó jáde.

Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. Ìyìn tọ́ sí Obadiah. Síbẹ̀, òfò náà kò tán. Àwọn onímọ̀ a máa sọ pé ìwé náà gbé Ọ̀yọ́ ga ju àwọn Yorùbá yòókù lọ. Ta ni ó ni ẹ̀bi náà, ẹ̀gbọ́n ni tàbí àbúrò? Bí ti àkọ́kọ́ bá wà, ènìyàn ìbá fi méjèèjì wéra. Nísinsìnyí, kò sí ẹni tí ó lè fọwọ́ sọ̀yà.

Àkọsílẹ̀ tí ó kù nílé ni ó gba ìwé yìí là. Lónìí, ọ̀pọ̀ onímọ̀ ń gbé iṣẹ́ wọn sí orí íntánẹ́ẹ̀tì nìkan, bí ẹni pé ohun tí gbogbo ayé ń rí kò lè sọnù. Bí ẹni tí ń san owó rẹ̀ bá kú, iṣẹ́ náà lè bá a lọ. Olùkọ́ tí ó bá ń kọ ìtàn Ìdọ̀fin, ìlú tí ó jìnnà sí ààfin Ọ̀yọ́, kí ó fi ẹ̀dà kan sí ilé ìkàwé yunifásítì, kí ó fi òmíràn lé ẹbí lọ́wọ́. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà.