Ta Ni Ó Gba Bọ́ọ̀lù?

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 29 oṣù Keje, ọdún 2024, ni mo wà ní Aláúsá. Ìwé kan ni mo fẹ́ kí wọ́n bá mi fọwọ́ sí ní ọ́fíìsì ìjọba, ẹni tí yóò fọwọ́ sí i kò sì tíì dé. Mo bá jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan lábẹ́ igi, níbi tí àwọn awakọ̀ àti àwọn ọlọ́dẹ ẹnu ọ̀nà ti pagbo yí fóònù kan ká. Àwọn obìnrin Nàìjíríà ni wọ́n ń bá ti Ọsirélíà figagbága nínú bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n, ní ìdíje Òlíńpíìkì ilẹ̀ Faransé. Kí oòrùn tó kan àtàrí, eré ti parí: 75 sí 62, àwọn ọmọ wa ni ó borí. Ìgbà kejì nìyí tí ẹgbẹ́ náà yóò borí nínú Òlíńpíìkì. Ti àkọ́kọ́ ti pé ogún ọdún, nígbà tí wọ́n na Kòríà Gúúsù ní Áténì ní 2004.

Ọ̀sán ọjọ́ náà ni mo gbọ́ ìròyìn rẹ̀ lórí asọ̀rọ̀mágbèsì, nínú ọkọ̀ tí mo wọ̀ padà sílé. N kò ní dárúkọ ilé iṣẹ́ náà, nítorí pé bákan náà ni ọmọ wọn ń ṣe orí. Ohùn sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ náà dùn, Yorùbá rẹ̀ sì mọ́ gaara. Ó ní ìgboyà ni ó ṣe é. Ó ní iṣẹ́ ìyanu ni, Ọlọ́run kò jẹ́ kí ojú ti Nàìjíríà. Ó dárúkọ Ezinne Kalu tí ó ju bọ́ọ̀lù sáwọ̀n jù lọ nínú àwọn ọmọ wa, ó sì yẹ kí ó dárúkọ rẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni ó wá pòwe pé àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ọwọ́ kan ṣoṣo ni ó sì ti kà fún wa! Mo bi ara mi léèrè pé, ta ni ó gba bọ́ọ̀lù náà kí Kalu tó rí i jù?

Ìbéèrè yìí kì í ṣe ti aríwísí tí ó kàn ń wá ọ̀rọ̀ sọ. Ní ọjọ́ náà, ó ju ogún ìgbà lọ tí bọ́ọ̀lù bọ́ mọ́ àwọn Ọsirélíà lọ́wọ́ láìjẹ́ pé wọ́n rí i jù sáwọ̀n. Ẹ jẹ́ kí a wo bí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ṣe ń ṣẹlẹ̀. Ọmọ Ọsirélíà kan gba bọ́ọ̀lù lẹ́bàá ìlà. Ọmọ wa kan dojú kọ ọ́, ó bẹ̀rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò dúró sójú kan. Ẹnì kejì ti ẹ̀gbẹ́ wá sé e mọ́. Ẹni tí wọ́n sé mọ́ yìí yóò wá máa wojú kiri, yóò máa wá ẹni tí òun lè ju bọ́ọ̀lù sí. Ẹni tí àwa òǹwòran kì í rí ni ẹnì kẹta, tí ó ti lọ lúgọ sí agbedeméjì ọ̀nà, kí ẹni tí ó fẹ́ ju bọ́ọ̀lù tó pinnu pé ibẹ̀ ni òun yóò jù ú gbà. Ẹnì kẹta yìí gan-an ni ó gba bọ́ọ̀lù. Nígbà mìíràn kò tilẹ̀ ní fọwọ́ kàn án: ẹni tí ó fẹ́ jù ú rí i pé ọ̀nà ti dí, ó ṣi bọ́ọ̀lù jù, ó sì jáde sẹ́yìn ìlà. Kò sí ìwé ìṣirò tí yóò kọ orúkọ ẹni tí ó dínà sílẹ̀.

Eré kan wà tí ó fi ọ̀rọ̀ yìí hàn kedere jù báyìí lọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí yìnyín ní Ìkẹjà àfi èyí tí wọ́n fi ń tọ́jú ẹja. Họ́kì orí yìnyín ni mò ń wí, eré tí àwọn ará Kánádà fẹ́ràn bí àwa ti fẹ́ràn bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀. Ẹni méjì á dojú kọ ara wọn, wọ́n á bẹ̀rẹ̀, ọ̀pá wọn á wà nílẹ̀. Adájọ́ eré á sì ju rọ́bà dúdú pẹlẹbẹ kan sáàárín wọn. Kí a tó ṣẹ́jú, ẹnì kan á ti fà á sẹ́yìn fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Nínú eré kan ṣoṣo, èyí lè ṣẹlẹ̀ ní àádọ́ta ìgbà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn tí ó ni líìgì NHL kà á sí tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ń ṣírò rẹ̀ fún eléré kọ̀ọ̀kan. Patrice Bergeron, tí ó gbá fún Boston títí ó fi fẹ̀yìn tì ní 2023, di ìlúmọ̀ọ́ká nídìí rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹgbẹ́ kan bá tẹ̀ síwájú lẹ́nu iṣẹ́ yìí láti sáà kan sí èkejì, kì í ṣe ọwọ́ ẹni àárín nìkan ni ó yá sí i. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni àwọn méjèèjì á fi ọ̀pá há rọ́bà náà mọ́lẹ̀, tí kò ní lè lọ síhìn-ín tàbí sọ́hùn-ún. Ẹni tí ó bá tètè ti ẹ̀gbẹ́ já wọ inú ìjà náà ni yóò gbé e lọ. Ìwé ìṣirò á kọ orúkọ ẹni àárín. Ẹni ẹ̀gbẹ́ á rọra padà sáyè rẹ̀.

Bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n náà ti fẹ́ jọ bẹ́ẹ̀ nígbà kan rí. James Naismith ni ó dá a sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1891. Fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, bí bọ́ọ̀lù bá ti wọ àwọ̀n, àárín ni wọ́n ń gbé e padà sí, kí ẹni méjì fò fún un. Ẹgbẹ́ tí ó bá ní òmìrán ni ó ń jẹ èrè rẹ̀. Ní 1937 ni wọ́n pa òfin yìí rẹ́ níbẹ̀. Lónìí, ìfò kan péré ni a fi ń ṣí eré, ẹgbẹ́ tí kò bá sì rí bọ́ọ̀lù gbà níbẹ̀ ni wọn yóò kọ́kọ́ gbé e fún bí ẹni méjì bá tún di bọ́ọ̀lù mú pọ̀. Nípa báyìí, ìjà tí ó wà lójú kan tẹ́lẹ̀ ti tàn ká gbogbo pápá, gíga nìkan kò sì tó o jà mọ́.

Ohun tí ó dùn mí jù ni pé ojú Yorùbá kò fọ́ sí irú nǹkan báyìí. Àwọn àgbà tí mo bá wo ìjàkadì ní kékeré kì í dúró dìgbà tí ẹ̀yìn ẹnì kan bá kanlẹ̀ kí wọ́n tó sọ̀rọ̀. Ìdìmú ni wọ́n ń wò. Wọ́n á ní, "Ó ti rí apá rẹ̀ mú," wọ́n á ní, "Ẹ wo ẹsẹ̀ òsì rẹ̀, ó fẹ́ tàn án ni." Nígbà tí ìṣubú bá fi dé, ìròyìn àná ni létí wọn. Nídìí ọpọ́n ayò pẹ̀lú, ẹni tí ó bá dúró dìgbà tí wọ́n kó ọmọ ayò kí ó tó mọ ibi tí eré ń lọ, òpè ni. Èdè tí ó ní já gbà, fà gbà, gbọ̀n dànù, sé mọ́, dínà àti lúgọ dè kò tòṣì ọ̀rọ̀ tí a lè fi ròyìn bí a ti ń gba bọ́ọ̀lù.

Mo mọ ohun tí àwọn sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ yóò fi dá mi lóhùn. Wọn yóò ní ìṣẹ́jú méjì ni wọ́n fún àwọn, iye àmì ayò ni ó sì wà nínú ìwé tí ó tẹ àwọn lọ́wọ́. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú méjì tí ó gba iṣẹ́ ìyanu àti òwe, ó yẹ kí ó gba gbólóhùn kan nípa ẹni tí ó dínà.

Ẹni tí ó bá sì rò pé ọ̀rọ̀ yìí kò ju ọ̀rọ̀ ẹnu lásán lọ, kí ó bá mi wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ṣáájú ọjọ́ náà. Ní Òlíńpíìkì Tókíò, tí wọ́n ṣe ní 2021, ẹ̀ẹ̀mẹta ni ẹgbẹ́ yìí wọ pápá, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n sì nà wọ́n. Ní oṣù Kejì 2022 wọ́n yege láti lọ sí ìdíje àgbáyé. Ní oṣù Karùn-ún ọdún náà, nítorí ìjà àwọn tí ń darí eré náà nílé, ìjọba àpapọ̀ kéde pé Nàìjíríà kò ní kópa nínú ìdíje òkèèrè kankan fún ọdún méjì. Nígbà tí wọ́n fi yí ohùn padà ní oṣù tí ó tẹ̀ lé e, omi ti tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu: wọ́n ti gbé àyè wọn fún Málì. Sydney, ní Ọsirélíà, ni ìdíje tí wọ́n dù wọ́n yìí ti wáyé. Rena Wakama wá di akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn ní 2023, ó bá wọn gba ife Áfíríkà ní Kigali lọ́dún náà. Ní 2024 wọ́n na Ọsirélíà tí ó padà gba ipò kẹta nínú ìdíje náà. Wọ́n sì sọ Wakama ní akọ́nimọ̀ọ́gbá tí ó dára jù lọ níbẹ̀.

Bí a bá wá pe èyí ní iṣẹ́ ìyanu, a ti dá gbogbo ẹni tí ó jẹ wọ́n ní gbèsè sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Iṣẹ́ ìyanu kì í béèrè owó ọkọ̀. Kì í béèrè pápá, kì í sì í béèrè pé kí a jẹ́ kí àwọn obìnrin méjìlá wà pọ̀ pẹ́ tó láti mọ ìgbà tí ẹnì kejì yóò sún síwájú. Sísé ọ̀tá mọ́ ní ẹni mẹ́ta, kíkọ́ ni à ń kọ́ ọ. Ọmọdébìnrin tí ń gbá bọ́ọ̀lù lórí kankéré ní Agége, tí ó sì ń gbọ́ orúkọ ẹni tí ó jù ú nìkan, jíjù nìkan ni òun náà yóò fẹ́ kọ́.

Iṣẹ́ ìyanu náà kò sì rí ọ̀rọ̀ sọ nígbà tí Faransé fi 75 sí 54 nà wọ́n lọ́jọ́ mẹ́ta sí i, àfi pé orí kò ṣe é. Wọ́n na Kánádà ní 79 sí 70 lẹ́yìn èyí, wọ́n sì di ẹgbẹ́ Áfíríkà àkọ́kọ́, lọ́kùnrin lóbìnrin, tí yóò wọ ìpele ẹgbẹ́ mẹ́jọ tí ó kẹ́yìn nínú bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n ní Òlíńpíìkì. Amẹ́ríkà ni ó dá wọn dúró níbẹ̀, 88 sí 74.

Ẹnì kan wà lábẹ́ igi ní Aláúsá tí ó rí ohun tí mò ń wí. Ọ̀kan nínú àwọn ọlọ́dẹ ni, irun rẹ̀ ti funfun. Ó pariwo kí bọ́ọ̀lù kan tó wọlé, àwọn ọmọdé awakọ̀ sì ní kí bàbá jẹ́ kí àwọn gbọ́ràn. Ó ní, "Ẹ ò rí èyí tí ó dínà yẹn ni?" Wọn kò rí i. Mo bi í pé, "Bàbá, nọ́ńbà wo ni ó wà lẹ́yìn rẹ̀?" Ó mi orí. "Ọ̀gá, kí n tó wo nọ́ńbà, ó ti kúrò níbẹ̀."