Sùúrù Tí Ń Sá: Àyẹ̀wò Ewì Burda

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba tí kì í dójú ti ẹni tó gbẹ́kẹ̀ lé E. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàábé rẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí, ta ni kò mọ Burda nínú wa? Láti Ìkàrẹ́ dé Ọ̀kà, bí oṣù Maolud bá ti lé, a ó máa gbọ́ ohùn àwọn ọmọ ilé-kéwú lórí rẹ̀. Orí kẹrin, tó sọ nípa ìbí Ànábì, ni a máa ń fi gbogbo ọ̀fun kọ. Kí a tó dé orí kẹwàá tó gbẹ̀yìn, oúnjẹ á ti dé, a ó sì sáré kà á kọjá. Orí kẹwàá yìí ni mo fẹ́ kí a dúró lé lórí, nítorí ìbéèrè tí akẹ́kọ̀ọ́ mi kan bi mí ní Ọ̀kà.

Ó ní: “Áfáà, ẹ dákun, ìyá mi ti wà ní ìdùbúlẹ̀ láti ọdún tó kọjá. A ka Burda, a kọ ọ́ sí wàláà, a fọ̀ ọ́ fún wọn mu. Wọn kò dìde. Àbí a ṣì í kà ni?”

Ìbéèrè náà ní ìdí. Al-Busiri, akéwì ilẹ̀ Mísírà tí a bí ní nǹkan bí ọdún 1212, ni àrùn ẹ̀gbà kọlù tí apá kan ara rẹ̀ kú. Ìtàn tí wọ́n gbà lẹ́nu rẹ̀ ni pé ó kọ ewì yìí, ó sùn, ó lá àlá pé Ànábì da aṣọ ìbora bò ó, ó sì jí pẹ̀lú àlàáfíà. Aṣọ ìbora náà ni Burda. Ìtàn yìí dùn, àmọ́ ó ti bo ewì mọ́lẹ̀ lójú wa.

Mo tún ìlà bí 160 náà kà, mo ń wá ibi tí aláìsàn yìí ti bẹ̀bẹ̀ pé kí ara òun dìde. N kò rí i. Ní orí karùn-ún, níbi tó ti ń ròyìn iṣẹ́ ìyanu, ó ní ọwọ́ Ànábì a máa kan aláìsàn, a sì sàn. Kò fi tirẹ̀ kún un. Ó dà bí ẹni tó dúró lẹ́nu ọ̀nà ọlọ́lá, tí kò kanlẹ̀kùn, tó kàn ń yin onílé pé kì í lé àlejò.

Kí ló wá tọrọ? Ní orí kejì, ó fi ọkàn wé ọmọ ọmú: bí a kò bá já a lẹ́nu ọmú, ìdí ọmú ni yóò dàgbà sí. Ní orí kẹwàá, ó ní kí ọkàn náà má sọ̀rètí nù nítorí ẹ̀ṣẹ̀ ńlá. Lẹ́yìn náà ló bẹ Ọlọ́hun pé kí Ó má dojú ìrètí òun bolẹ̀, kí Ó ṣe ẹrú Rẹ̀ jẹ́jẹ́ láyé àti lọ́run, nítorí bí ìjayà bá pe sùúrù òun jáde, sísá ló ń sá.

Ẹ gbọ́ ná! Akéwì ńlá yìí ń jẹ́wọ́ pé ojo ni sùúrù òun. Àwa a máa sọ fún ẹni ìṣòro bá pé “Ṣe sùúrù”, bí ẹni pé àpò rẹ̀ ló wà. Ìgboyà Al-Busiri ni pé ó sọ òtítọ́ fún Ẹni tó lè ràn án lọ́wọ́. Àìnígbàgbọ́ kọ́ nìyẹn. Ànábì Ayyub náà ké sí Ọlọ́hun pé ìnira ti kan òun, síbẹ̀ onísùúrù ni Àlùkùránì pè é.

Àwọn onímọ̀ kan ní akéwì yìí gbé Ànábì ga kọjá ààlà ní àwọn ibì kan. Ó yẹ kí a gbọ́ tiwọn, kí olùkọ́ sì ṣàlàyé irú àwọn ìlà bẹ́ẹ̀ fún ọmọ kéwú. Ṣùgbọ́n níbi tó ti tọrọ ìrètí, Ọlọ́hun ló kọjú sí.

Mo sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ mi pé: “Ẹ kò ṣì í kà. Ẹ má dá ilé ìwòsàn dúró. Bí sùúrù bá sì sá mọ́ ìyá rẹ lọ́wọ́, má bá wọn wí. Ka orí kẹwàá fún wọn, kí o sì túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá.” Nígbà tó padà wá, ó ní ìyá òun kò tíì dìde, ṣùgbọ́n wọ́n ní kí òun tún un kà.

Kí Ọlọ́hun má dojú ìrètí wa bolẹ̀. Àmín.