Ọdún Kan, Ààrẹ Kan
Ohun tó wú mi lórí jù nínú ẹgbẹ́ Rotary ni pé ọdún wọn lópin: bí ọjọ́ 30 oṣù Kẹfà bá ti kọjá, ààrẹ tuntun á gorí àga. Àwọn kan ní ọdún kan ò tó ṣe iṣẹ́ gidi. Òótọ́ wà níbẹ̀. Kànga tí wọ́n gbẹ́ tí ẹnikẹ́ni ò tọ́jú á bàjẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ (polio). Ọdún 1985 ni Rotary dáwọ́ lé gbígbógun tì í. Àìmọye ààrẹ ló wọlé tó jáde, síbẹ̀ wọn ò dáwọ́ owó dídá dúró, bẹ́ẹ̀ ni àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ń kán oògùn àjẹsára sọ́mọ lẹ́nu láti ojúlé dé ojúlé, títí di oṣù Kẹjọ ọdún 2020, tí wọ́n kéde pé Áfíríkà ti bọ́ lọ́wọ́ kòkòrò àrùn náà ti àdánidá. Nàìjíríà ló kẹ́yìn. Ìjíhìn ọdọọdún, tó ń fi ohun tó kù ṣíṣe han ẹni tó ń bọ̀, ni okùn tó so gbogbo ọdún kúkúrú wọ̀nyẹn pọ̀.