Fíìmù fún Òru Ìyàwó

Ọmọbìnrin kan tí mo ti kọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ rí wá bá mi nílé ní Jonquet nígbà tí ìgbéyàwó rẹ̀ ku ọjọ́ mẹ́sàn-án. Wọn yóò lọ sí mairie ní Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ìdána yóò sì ti wáyé ní ọjọ́ tí ó ṣáájú. Ó ní òun àti àwọn ọ̀rẹ́ òun ti pinnu láti jókòó papọ̀ ní alẹ́ Ọjọ́bọ̀, kí àwọn máa wo fíìmù ìgbéyàwó títí oorun yóò fi gbé àwọn lọ. "Madame, ẹ bá mi yan èyí tó máa dùn mọ́ mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má yan èyí tó máa dẹ́rù bà mí o." Mo rẹ́rìn-ín, mo sì gbà. Ìgbà tí ó lọ tán ni mo tó mọ̀ pé kì í ṣe iṣẹ́ kékeré ni ó gbé lé mi lọ́wọ́.

Òru tí ó ṣáájú ìgbéyàwó kò ṣófo láyé àwọn ìyá wa. Ní ìhà Ọ̀yọ́, ti ẹkún ìyàwó ni. Ọmọge tí ń relé ọkọ á kúnlẹ̀ níwájú bàbá, níwájú ìyá, níwájú ẹbí, á máa sun ẹkún tí ó ti kọ́: á dúpẹ́ oore, á tọrọ àforíjì, á gba ìre. Láàrin ẹkún náà, ó láǹfààní láti sọ ohun tí ń bà á lẹ́rù ní gbangba, láìsí ẹni tí yóò ní ó ń ṣe àfojúdi. Ní Kútọnu tiwa, pàápàá ní Jonquet tí ariwo ilé ọtí àti ti àwọn awakọ̀ kì í jẹ́ kí òru sùn, iwájú tẹlifísọ̀n ni àwọn ọmọge ń jókòó sí. N kò bá wọn jà. Ohun tí mo ń bèèrè lọ́wọ́ fíìmù tí ó bá gba ipò ẹkún ni pé kí ó fi àyè sílẹ̀ fún ẹ̀rù ìyàwó, bí ó ti fi àyè sílẹ̀ fún aṣọ rẹ̀.

Èyí tí gbogbo wọn kọ́kọ́ ń dárúkọ ni The Wedding Party, tí Kemi Adetiba darí. Toronto ni wọ́n ti kọ́kọ́ fi í hàn ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2016. Ní oṣù Kejìlá ọdún náà ó wọ ilé sinimá ní Nàìjíríà, owó tí ó sì pa níbẹ̀ ju ti fíìmù Nàìjíríà èyíkéyìí tí ó ṣáájú rẹ̀ lọ. Dunni Coker, ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí àwọn òbí rẹ̀ bí, ń fẹ́ Dozie Onwuka, ọmọ Ìgbò tí ilé wọn lówó, ní ìlú Èkó. Adesua Etomi ni Dunni, Banky W ni Dozie. (Àwọn méjèèjì di tọkọtaya ní tòótọ́ ní ọdún 2017, kò sí ìyàwó tí kì í sọ èyí fún mi bí ẹni pé n kò gbọ́ rí.) Dunni ti pa ara rẹ̀ mọ́ de alẹ́ ìgbéyàwó, ọkọ rẹ̀ ní tirẹ̀ kò pa ara rẹ̀ mọ́ de ẹnikẹ́ni, ọ̀kan nínú àwọn obìnrin àtijọ́ rẹ̀ sì yọjú sí òde.

Sola Sobowale, tí ó ṣe ìyá ìyàwó, ni ó ni fíìmù yìí. Ó ń jó, ó ń pàṣẹ, ó ń ṣe yanga, ayọ̀ rẹ̀ sì pọ̀ débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gba òde mọ́ ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́. Mo ti rí irú ìyá bẹ́ẹ̀ ní Àjàṣẹ́, mo ti rí i ní Kétu. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Ìyá ọkọ, tí Ireti Doyle ṣe, kò ka ọmọ Coker sí ẹni tí ó yẹ ọmọ òun. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ohun tí ó jinlẹ̀ jù nínú fíìmù náà wà, lójú tèmi: ìgbéyàwó òun àti ọkọ rẹ̀ Felix ti fẹ́ tú ká, wọ́n kàn ń rẹ́rìn-ín fún àlejò ni. Ìyàwó tí ó bá ní ojú inú yóò rí i pé níbi tí àwọn ọ̀dọ́ méjì ti ń kọ́lé, àwọn àgbà méjì jókòó lórí àlàpà. Ó ṣeni láàánú pé fíìmù náà yára parí ọ̀rọ̀ wọn, kí ijó má baà dúró.

Ẹ̀dà tí àwọn ọmọbìnrin wọ̀nyí ní, Faransé ni wọ́n kọ sí ìsàlẹ̀ àwòrán. Èdè tí ó ju ẹyọ kan lọ ni wọ́n ń sọ nínú fíìmù gan-an, àwàdà sì wà nínú bíbọ́ láti ọ̀kan sí òmíràn. Bí ìyá ìyàwó bá fi Gẹ̀ẹ́sì sílẹ̀ tí ó bọ́ sí Yorùbá, a mọ̀ pé sùúrù ti tán. Faransé ìsàlẹ̀ yẹn sọ gbogbo rẹ̀ di ohùn kan. Ó dára fún àwa ọmọ Yorùbá Kútọnu: ẹni tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì rárá yóò ti rẹ́rìn-ín kí ẹni tí ń ka Faransé tó kà á tán. Ṣùgbọ́n ẹkún ńkọ́? Dunni sunkún dáadáa, àmọ́ obìnrin mìíràn ni ó fa èyí tí ó pọ̀ jù nínú ẹkún rẹ̀. Ìbẹ̀rù ilé tí kò mọ̀, ìyẹn kò tó nǹkan nínú fíìmù náà.

Ìdí nìyẹn tí mo fi kún un pẹ̀lú Bal poussière, tí Henri Duparc ṣe ní Côte d'Ivoire ní ìparí àwọn ọdún 1980. Olóko ọlọ́rọ̀ kan tí ń pe ara rẹ̀ ní Demi-Dieu, nítorí pé lójú tirẹ̀ òun ló kàn lẹ́yìn Ọlọ́run ní abúlé, ti ní ìyàwó márùn-ún. Ó tún fẹ́ ẹ̀kẹfà, Binta, ọmọge tí ojú rẹ̀ ti là sí Abidjan. Ìṣirò rẹ̀ kò le: ìyàwó mẹ́fà, ọjọ́ mẹ́fà, Ọjọ́ Àìkú yóò jẹ́ èrè ẹni tí ó bá ṣe dáadáa jù láàrin ọ̀sẹ̀. Ẹnikẹ́ni tí mo bá wò ó pọ̀ máa ń bú sẹ́rìn-ín níbẹ̀. Ẹ̀rín náà kì í pẹ́ kó tó mú ìrònú wá, nítorí Duparc kò sọ ẹnikẹ́ni di ìkà pátápátá. Demi-Dieu ń pani lẹ́rìn-ín ju bí ó ti ń bíni nínú lọ, àwọn ìyàwó àgbà ní ìdí tiwọn, Binta sì ní ẹnu. Ẹnu yẹn ni mo fẹ́ kí ìyàwó rí. Bí kò tilẹ̀ sí ọ̀rọ̀ Yorùbá nínú rẹ̀, fíìmù yìí sún mọ́ ẹkún ìyàwó ju ti Èkó lọ, nítorí obìnrin ń sọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀ kí ó tó pẹ́ jù. Ẹnìkan lè ní ọ̀ràn àtijọ́ ni, pé òfin ẹbí wa ti ọdún 2004 kò mọ̀ ju ọkọ kan aya kan lọ. Kí onítọ̀hún bá mi rìn yí ká àdúgbò wa ná.

Mo ro ti Muna Moto náà, iṣẹ́ Dikongué-Pipa ọmọ Kamẹrúùnù ní ọdún 1975, tí ó gba ẹ̀bùn tí ó ga jù ní FESPACO ọdún 1976. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí kò rí owó orí san, àbúrò bàbá rẹ̀ sì gba àfẹ́sọ́nà rẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́. Iṣẹ́ ńlá ni, ṣùgbọ́n mo ti ṣèlérí pé n kò ní dẹ́rù bà á. (Òfin kan náà sọ pé àmì lásán ni owó orí jẹ́; mo mọ ọkọ ìyàwó kan tí àkọsílẹ̀ ẹrù ìdána rẹ̀ gba ojú ìwé mẹ́ta.) Ìlérí yẹn ni kò jẹ́ kí n mú Ó Le Kú ti Túndé Kèlání, ọdún 1997, láti inú ìwé Akínwùmí Ìṣọ̀lá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Yorùbá rẹ̀ dùn ju ti gbogbo ìyókù lọ. Orúkọ rẹ̀ tó ìkìlọ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, ìyàwó náà pè mí lórí tẹlifóònù. Wọ́n wo The Wedding Party tán, wọ́n sì jó sí i. Wọ́n dá Bal poussière dúró ní ìdajì, nítorí ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, tí ìyá rẹ̀ jẹ́ ìyàwó kẹta, bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀rọ̀, kò sì sí ẹni tí ó fẹ́ kí ó dákẹ́. Nígbà tí ó yá, ìyàwó fúnra rẹ̀ sọ tirẹ̀. Ìpè ìrun àsùbá ti dún láti Zongo kí ẹnikẹ́ni tó rántí fíìmù. Ó bẹ̀ mí pé kí n má tíì gba àwo rẹ̀ padà, òun àti ọkọ òun ni yóò jọ wò ó parí.