«Ó ní»: Ta ló ni ọ̀rọ̀ tí a gbà rán?

Bí a bá ń sọ̀rọ̀ ìdínilẹ́nu lásìkò kòrónà, Wuhan ni a sábà máa ń tọ́ka sí. Ní 3 oṣù kìíní 2020, ọlọ́pàá ní kí Li Wenliang, dókítà ojú, tọwọ́ bọ̀wé pé ohun tí òun sọ nípa àrùn náà kì í ṣe òótọ́. Ó kú ní oṣù kejì. Ní 19 oṣù kẹta, wọ́n fagi lé ìwé náà.

Ní oṣù kẹta yẹn kan náà tí kòrónà wọ Bẹ̀nẹ̀, Ignace Sossou, akọ̀ròyìn, wà lẹ́wọ̀n. Ọ̀rọ̀ tí agbẹjọ́rò ìjọba sọ níbi ìpàdé kan ló gbé sórí Twitter àti Facebook. Ilé-ẹjọ́ Kútọnu rán an lẹ́wọ̀n oṣù 18. Kòtẹ́milọ́rùn dín in kù, ó sì jáde ní oṣù kẹfà 2020.

Òmìnira nìkan ni a ń wí lórí ẹjọ́ yìí, bẹ́ẹ̀ ẹjọ́ gírámà ni pẹ̀lú. Ẹni tó bá ti wí pé «ó ní» ti dá ọ̀rọ̀ padà fún ọlọ́rọ̀: iṣẹ́ afọ̀ agbàrán nìyẹn. A lè bi í bóyá ó gé ọ̀rọ̀ náà kúrú, bóyá ó lọ́ ọ. Ìyẹn ní ìdáhùn. Ṣùgbọ́n «harcèlement», dídà ènìyàn láàmú, ni ẹ̀sùn tí wọ́n kà sí i lọ́rùn. Ẹ̀sùn yìí kò bìkítà bóyá wọ́n sọ ọ́ lóòótọ́. Irọ́ ni wọ́n pè é ní Wuhan, àsìkò sì já a. Kí ni yóò já ìdààmú?