Ọ̀jọ̀gbọ́n Tó Ń Gbé Pákó Sórí Òṣùwọ̀n

Àwa káfíńtà kì í fẹ́ràn oníbàárà tó mọ̀wé jù. Yóò ya àga sórí bébà, yóò fi rúlà wọ̀n ọ́n, yóò wá máa bi ọ́ ìdí tí tìrẹ kò fi jọ ti bébà. Mo rò pé irú wọn ni Bàbá ọ̀jọ̀gbọ́n kan nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ yà sí ṣọ́ọ̀bù mi ní Bódìjà. Ìmọ̀ ìṣirò ni wọ́n kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní Yunifásítì Ìbàdàn kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Wọn ò ra àga. Pákó ọ̀gànwó ni wọ́n ń wá, wọ́n sì fẹ́ mọ ọjọ́ tí a là á.

Ta ni í béèrè ìyẹn? Igi tó kúrò ní sọ́ọ̀mílì láàárọ̀ lè ti di bẹ́ẹ̀dì kí ọ̀sẹ̀ tó parí.

Abẹ́ páànù kan lẹ́yìn ilé ni Bàbá ń to pákó tiwọn sí. Wọ́n á fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ la àárín wọn kí afẹ́fẹ́ lè kọjá, wọ́n á kun ẹnu méjèèjì lọ́dà kí ó má baà sán, wọ́n á fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọjọ́ sí i lára. Pákó tó nípọn ní ínǹṣì kan, ó tó ọdún kan kó tó gbẹ. Ṣùgbọ́n àfojúdá nìyẹn lójú wọn. Wọ́n á mú pákó kúkúrú kan láàárín èyí tí wọ́n tò, wọ́n á gbé e sórí òṣùwọ̀n, wọ́n á kọ ìwúwo rẹ̀ sílẹ̀. Ọjọ́ tí ìwúwo náà kò bá dínkù mọ́, igi ti gbẹ. Òṣùwọ̀n ìyẹ̀fun Màmá, ìyàwó wọn, ni o. Màmá ra òmíràn.

Igi tó gbẹ náà kò dúró lójú kan. Bí òjò bá ń rọ̀, a mu omi inú afẹ́fẹ́, a wú. Bí ọyẹ́ bá dé, a súnkì. Gígùn rẹ̀ kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ yẹ̀, ìbú ni ọ̀rọ̀ wà. Pákó tí òrùka igi tẹ́ sílẹ̀ nínú rẹ̀ máa ń súnkì tó ìlọ́po méjì èyí tí òrùka rẹ̀ dúró ṣánṣán. Ìdí nìyẹn tí ìlẹ̀kùn tí ò ń fi èjìká tì lóṣù Agẹmọ fi ń ṣí fúnra rẹ̀ lóṣù Ṣẹrẹ. Láti ìgbà ọmọṣẹ́ ni mo ti ń rí i. Ọ̀gá mi ní agídí igi ni. Bàbá ló là á yé mi. Wọ́n ní ìwé kan tí eruku igi ti kún àárín ojú ewé rẹ̀, Understanding Wood, tó jáde ní 1980. R. Bruce Hoadley tó kọ ọ́ fìgbà kan jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Massachusetts ní Amẹ́ríkà, òun náà a sì máa gbẹ́ ère.

Ẹ wo tábìlì ìjẹun tí wọ́n fi igi apá ṣe. Wọn ò fi gúlúù lẹ ojú rẹ̀ mọ́ ìdí. Síkúrúù ni wọ́n fi dè é, ihò síkúrúù náà sì gùn gbọọrọ kí pákó lè ráyè wú, kó ráyè súnkì. Ọyẹ́ dé títí, kò sán. Èmi tí mò ń jẹun nídìí iṣẹ́ yìí ò tíì ṣe irú rẹ̀ rí nígbà náà.

Ìrókò nìkan ni wọ́n ń sá fún. Eruku rẹ̀ ń mú wọn sín, nígbà mìíràn òkúta sì ń bẹ nínú rẹ̀ tó ń ba eyín ayùn jẹ́. Àwọn kan á ní iwin ló fi síbẹ̀. Bàbá ní èròjà kálísíọ́ọ̀mù tí igi fà láti inú ilẹ̀ ni.

Fáníìṣì kò mọ́ wọn lọ́wọ́ rárá, ó máa ń ṣàn bí omijé lára àga wọn. Wọ́n sì lè lo oṣù mẹ́ta nídìí àpótí ìjókòó kan. Lórí ìṣó, a ò gbọ́ra wa yé títí wọ́n fi kú. Wọ́n ní igi tó wọnú igi dáadáa kò nílò irin. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ayálégbé tó ń kó ẹrù wọlé lọ́la kò ní dúró de òṣùwọ̀n, ìṣó ni mo máa fi kan tirẹ̀.